Bí ẹ ṣe máa fi mítà wá ibi tí láìnì fóònù ti bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe máa dán ẹ̀rọ tó ń wá irin lára èèyàn wò

Fóònù tó ń fi wáyà kọ́pà méjì ṣiṣẹ́ ò tíì kú o. Àláàmù olè ń lò ó, fóònù inú lífíìtì tí wọ́n fi ń pe fún ìrànlọ́wọ́ ń lò ó, íntánẹ́ẹ̀tì DSL náà, orí ẹ̀ ló ń gbà kọjá. Tó bá wá bàjẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n máa pààrọ̀ nǹkan káàkiri, wọ́n á pààrọ̀ fóònù, wọ́n á pààrọ̀ wáyà inú ilé, àwọn míì á tiẹ̀ ti gbẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ibòmíì lọ̀rọ̀ wà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láìnì yẹn fúnra ẹ̀ máa sọ ibi tó ń dùn ún, tẹ́ ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè, mítà lẹ sì máa fi bi í.

Ohun tó wà nídìí gbogbo ẹ̀ ni pé wáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Alexander Graham Bell gba páténtì lọ́dún 1881 fún wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, torí nígbà yẹn wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń lò, ilẹ̀ ni iná ń gbà padà, gbogbo ariwo tó wà nítòsí, títí kan ti tẹligíráàfù, ló ń wọnú fóònù. Tẹ́ ẹ bá lọ́ wáyà méjì mọ́ra, ariwo tó bá bá ọ̀kan ló máa bá èkejì bákan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìkan sì ni fóònù ń gbọ́, torí náà ariwo yẹn á pa ara ẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀kan bá ń jò sílẹ̀, tàbí tí jọ́ìntì ọ̀kan ti dípẹtà, wọn ò dọ́gba mọ́ nìyẹn, ẹ ó sì máa gbọ́ hùn-ùn nínú fóònù ṣáá. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí gbogbo ohun tá a fẹ́ ṣe nísàlẹ̀ yìí, títí dé orí ẹ̀rọ tó ń wá irin, ìdọ́gba yẹn náà là ń wá kiri.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèyí ná

Láìnì tó jẹ́ tiyín, tàbí èyí tí ẹni tó ni ín ní kẹ́ ẹ wá wò, nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Tí òjò bá ṣú, tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ àrá lókèèrè, ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi lọ, torí wáyà tó gùn tó kìlómítà mélòó kan lè gbé mànàmáná wá látibi tẹ́ ẹ ò rí. 48V tó máa ń wà lórí láìnì ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n èèyàn tí ọwọ́ bá gbẹ, àmọ́ tí ẹnì kan bá pe nọ́ńbà yẹn nígbà tẹ́ ẹ di wáyà mú, iná tó ń mú kí fóònù dún máa ń tó 90V, iná AC sì ni, ó máa jù yín dáadáa. Torí náà ẹ máa di ibi tó ní rọ́bà mú, ẹ má fi eyín bó wáyà. Tó bá jẹ́ láìnì àláàmù tàbí ti lífíìtì, ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ kẹ́ ẹ tó já a, torí ẹnì kan lè há sínú lífíìtì nígbà tẹ́ ẹ ń ka mítà lọ́wọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Mítà kan tó ń ka fóltì, ámpù àti óòmù (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó) ló ṣe pàtàkì jù. A ò kí ń rò ó lónìí, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ láìnì fóònù ló ń ṣe: Donald Macadie, ẹnjiníà kan ní Post Office ilẹ̀ Britain, ló sú pé kó máa ru ẹ̀rọ lóríṣiríṣi kiri, ló bá ṣe AVOmeter, ó sì jáde lọ́dún 1923. Tẹ́ ẹ bá lè rí mítà tó ń ka kápásítọ̀ náà, ìyẹn bí nǹkan ṣe lè gba iná pa mọ́ sára tó, ẹ ti gbádùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá fóònù kan tó dá yín lójú pé ó ń ṣiṣẹ́, èyí tó ní wáyà, tí ò nílò iná ilé, ẹ wá sukudiráfà àti wáyà kékeré méjì tó ní kílíìpù lórí. Àwọn ẹ̀rọ ńlá bíi megger tàbí TDR, a máa dé orí wọn, wọn ò pọn dandan fún ẹni tó fẹ́ tún ti ilé ẹ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pín láìnì sí méjì

Àpótí kékeré kan máa ń wà lára ògiri, nínú ilé tàbí níta, níbi tí wáyà ilé iṣẹ́ fóònù ti pàdé wáyà inú ilé. Nínú ẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ṣe fún tẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì tó wà níbẹ̀, gbogbo wáyà inú ilé ti já kúrò nìyẹn. Ẹ wá ki fóònù tó dáa yẹn sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn tó mọ́ gaara, inú ilé ni wàhálà wà, ẹ má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kẹ́ ẹ yọ gbogbo nǹkan tó wà lára láìnì, fóònù, módẹ́ẹ̀mù, àláàmù, kẹ́ ẹ wá máa dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ bá dá padà tí láìnì kú ni ọ̀daràn. Tó bá jẹ́ pé ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an lẹ ò ti gbọ́ nǹkan kan, tàbí tó ń ta pàrà-pàrà, ọ̀rọ̀ náà wà níta nìyẹn, àwọn ìgbésẹ̀ tó kù lẹ máa bá lọ. Mo ti rí àwọn tó fo ìgbésẹ̀ yìí torí pé ó jọ pé ó ti rọrùn jù, wọ́n wá fi gbogbo ọjọ́ wá nǹkan níbi tí kò sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka fóltì

Ẹ yí mítà sí DC, 200V. Ẹ fi wáyà pupa sórí apá kan, dúdú sórí apá kejì, fóònù ò gbọdọ̀ wà lórí láìnì. Tí láìnì bá wà láàyè, ẹ máa rí nǹkan bíi 48V, ó lè lé díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Bátìrì ló ti wá, kì í ṣe iná ìjọba, àwọn bátìrì lẹ́ẹ̀dì 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 2V wá, tí wọ́n tò léra wọn nínú ilé ẹ̀rọ tó ń so fóònù pọ̀, ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Apá (+) bátìrì yẹn ni wọ́n so mọ́lẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ka wáyà kọ̀ọ̀kan sí ilẹ̀, ọ̀kan máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, èkejì á jẹ́ -48V. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí wáyà tó bá wà lápá òdì (-) sí ilẹ̀ kì í tètè jẹrà tí omi bá kàn án.

Wàyí o, ẹ gbé fóònù sókè. Fóltì á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 6 sí 10V, èyí dáa. Tẹ́ ẹ bá fi mítà sáàárín wáyà kan láti ka ámpù, ó yẹ kẹ́ ẹ rí nǹkan bíi 20 sí 50 mA (mílíámpù). Tó bá ti kéré sí 20, láìnì yẹn ti gùn jù tàbí jọ́ìntì kan ti ń dípẹtà níbì kan.

Báyìí lẹ ṣe máa túmọ̀ ohun tẹ́ ẹ bá rí nígbà tí fóònù ò sí lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ òdo, wáyà ti já tàbí méjèèjì ti kanra. Láti mọ èwo nínú méjèèjì, ẹ ka kálukú sí ilẹ̀: tí apá òdì ṣì ń mú -48V wá, apá kejì ló já, tí kò sí nǹkan kan níbì kankan, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta. Tó bá jẹ́ 20 tàbí 30V, nǹkan kan ń jẹ iná yẹn lójú ọ̀nà, ó lè jẹ́ omi tó wọnú kébù, ó sì lè jẹ́ fóònù kan nínú ilé tí ẹnì kan ò gbé padà dáadáa, nítorí náà ẹ tún yẹ inú ilé wò. Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ sókè sódò fúnra ẹ̀, jọ́ìntì ló ń já tó ń so, èyí tó máa ń burú sí i tí atẹ́gùn bá ń fẹ́.

Ẹ̀yin tí fóònù yín ń jáde látinú ẹ̀rọ fáíbà, inú ẹ̀rọ yẹn ni fóltì yín ti ń wá, ó lè kéré sí 48V dáadáa láì sí wàhálà kankan, ibẹ̀ náà sì ni wáyà kọ́pà yín parí sí. Ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì ti tó yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka óòmù, àmọ́ ẹ já láìnì kúrò lórí iná ná

Láti ibí lọ, ó dáa kó jẹ́ ẹni tó ní àṣẹ lórí kébù yẹn látòkè délẹ̀ ló ń ṣe é, bíi kébù tó so ilé kan mọ́ òmíràn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́. Ẹ já orí méjèèjì, ibi tẹ́ ẹ wà àti ibi tí ẹnì kejì yín wà lọ́hùn-ún. Ẹ ka fóltì lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ rí i pé òdo ni, torí tí iná bá wà lórí wáyà, irọ́ gbuu ni mítà máa pa fún yín lórí óòmù.

Pẹ̀lú orí méjèèjì tó wà ní jíjá, ẹ ka láàárín wáyà méjèèjì, lẹ́yìn náà ẹ ka kálukú sí ilẹ̀. Kò yẹ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan tó kéré sí mílíọ̀nù óòmù lọ́nà èyíkéyìí. Ẹ máa rí i pé nọ́ńbà yẹn kọ́kọ́ kéré, ó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ má jáyà, wáyà méjèèjì ló ń gba iná sára bíi kápásítọ̀, ẹ dúró kó balẹ̀. Tí ẹ bá rí kílóòmù mélòó kan, omi ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí óòmù péréte, wáyà méjèèjì ti kanra, ẹ sì ti ń mọ bó ṣe jìnnà tó nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti ń mọ̀ ọ́n. Wáyà kọ́pà tó nípọn 0.5 mm máa ń fún yín ní nǹkan bíi 170 óòmù fún kìlómítà kan ní àlọ àti àbọ̀, ti 0.4 mm tó nǹkan bíi 270. Tẹ́ ẹ bá rí 85 óòmù lórí wáyà 0.5 mm tó kanra, ìdajì kìlómítà lọ̀rọ̀ wà. Tí oòrùn bá mú gan-an, nọ́ńbà yẹn á lé, bíi 0.4% fún dígíríì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ro ìyẹn mọ́ ọn.

Fún láìnì tí ò jò, tí ò já, àmọ́ tó ń kùn hùn-ùn, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ mú wáyà kẹta tó dáa nínú kébù yẹn kan náà, kí ẹnì kejì yín lọ́hùn-ún lọ́ orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ wá ka wọn ní méjì méjì. Ká sọ pé ẹ pè wọ́n ní A, B àti D, tí A pẹ̀lú B jẹ́ 380 óòmù, A pẹ̀lú D jẹ́ 342, B pẹ̀lú D jẹ́ 382. Ẹ ro méjì tí A wà nínú ẹ̀ pọ̀, 380 àti 342, ẹ yọ 382 kúrò níbẹ̀, ó ku 340, ẹ pín in sí méjì, 170 ni A. Ẹ yọ 170 kúrò nínú 380, B jẹ́ 210. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 342, D jẹ́ 172. Ẹ ò rí i pé ọ̀tọ̀ ni B! Óòmù 40 tó fi lé yẹn, jọ́ìntì tó ti bàjẹ́ ló jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni hùn-ùn yẹn ti ń wá. Tó bá jẹ́ pé A àti B nìkan lẹ kà pọ̀, 380 yẹn ò ní sọ èwo nínú wọn fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tí wáyà kan bá ń jò sílẹ̀, báyìí lẹ ṣe máa mọ ibẹ̀ gan-an

Èyí ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Tí omi bá wọlé, óòmù tẹ́ ẹ máa kà sí ilẹ̀ jẹ́ ti wáyà pẹ̀lú ti omi, ẹ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, lónìí ó lè jẹ́ 20 kílóòmù, lọ́la tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó di 90. Ọ̀nà tí wọ́n fi yanjú ẹ̀ ti wà látayé tẹligíráàfù. Samuel Hunter Christie ló ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀ lọ́dún 1833, Charles Wheatstone sì polongo ẹ̀ lọ́dún 1843, òun lorúkọ ẹ̀ wá mọ́ ọn lára, wọ́n ń pè é ní Wheatstone bridge. Èyí tí wọ́n mú bá wáyà mu ni wọ́n ń pè ní Murray loop.

Ẹ mú wáyà kan tó dáa nínú kébù kan náà, tó nípọn bákan náà. Kí ẹnì kejì lọ́ ọ mọ́ wáyà tó ń jò lọ́hùn-ún, kó dì í dáadáa o, torí tó bá dẹ̀, gbogbo ìṣirò yín ti wọ́. Níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ ní rẹ̀sísítọ̀ méjì, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń dí iná lọ́nà, tí óòmù wọn ṣe é yí, ẹ pè wọ́n ní P àti Q. Ẹ so P mọ́ wáyà tó dáa, ẹ so Q mọ́ èyí tó ń jò. Orí P àti Q yòókù, ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ apá kan bátìrì, apá kejì bátìrì á lọ sílẹ̀, tàbí sí ara irin tó bo kébù tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wáyà ń jò sí. Ẹ wá fi mítà tó mọ́wọ́ dáadáa sáàárín wáyà méjèèjì níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ máa yí P àti Q títí mítà yẹn á fi dúró sórí òdo pátápátá, kò ní yà sọ́tùn-ún, kò ní yà sósì.

Ó ti dọ́gba nìyẹn. Ká ní kébù yín gùn tó mítà 2000, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 4000. Ká ní P dúró sórí 700, Q sórí 300. Ẹ fi àpapọ̀ méjèèjì pín Q, 300 nínú 1000, ẹ fi lu 4000, ó jẹ́ 1200. Mítà 1200 sí ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni omi ti ń wọlé. Omi yẹn ì báà pọ̀ ì báà kéré, kò yí ìdáhùn padà, torí inú ọ̀nà bátìrì ló bọ́ sí, kò sí nínú òṣùwọ̀n yẹn rárá. Tí omi bá ti gbẹ jù, mítà yẹn kàn máa lọ́ra ni, ẹ lè fi bátìrì tó lágbára díẹ̀ sí i. Ẹ rí i dájú ṣáá pé wáyà tẹ́ ẹ yá lò yẹn dáa lóòótọ́, ẹ kà á sí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ òde òní máa ń ṣe gbogbo èyí fúnra wọn, ẹ kàn tẹ gígùn kébù àti bí wáyà ṣe nípọn tó sínú ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ gígùn tí kì í ṣòótọ́, ibi tí kì í ṣòótọ́ ló máa ní kẹ́ ẹ gbẹ́. Ẹ lọ ṣe é láti orí kejì náà, tí nọ́ńbà méjèèjì bá para pọ̀ di gígùn kébù, ẹ gbé ṣọ́bìrì.

Megger ńkọ́? Ohun tó wà fún ni láti fi fóltì ńlá ti wáyà, 100V, 250V tàbí 500V, kó lè rí ibi tó fẹ́ máa jò kó tó jò. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí láìnì gbọ́dọ̀ ti kúrò kẹ́ ẹ tó tẹ ẹ́, módẹ́ẹ̀mù ò ní yè é, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, ẹ so wáyà mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí iná tó há sára ẹ̀ lè kúrò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tí wáyà bá já

Wáyà tó já ò ní fún yín ní óòmù kankan, kápásítọ̀ ẹ̀ lẹ máa kà. Bí wáyà bá ṣe gùn tó ni kápásítọ̀ ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ ka wáyà tó dáa sí ilẹ̀, ẹ ka èyí tó já sí ilẹ̀, orí méjèèjì wà ní jíjá. Tí èyí tó dáa bá jẹ́ 160 nánófáráàdì lórí mítà 2000, tí èyí tó já bá jẹ́ 60, ẹ fi 160 pín 60 kẹ́ ẹ fi lu 2000, mítà 750 ló ti já. Tó bá jẹ́ méjèèjì ló já pa pọ̀, ẹ ka láàárín wọn, ọ̀pọ̀ kébù fóònù ni wọ́n ṣe kó máa jẹ́ nǹkan bíi 52 nánófáráàdì fún kìlómítà kan. Kébù tí omi kún inú ẹ̀ máa ń lé nọ́ńbà yìí sókè, á wá dà bíi pé wáyà gùn ju bó ṣe gùn lọ.

TDR ń ṣe é lọ́nà míì: ó máa ń ju iná kékeré kan sínú wáyà, iná yẹn á lọ, tó bá kan ibi tó bàjẹ́ á gbá padà, ẹ̀rọ á ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kébù tó ní rọ́bà polythene, iná ń rin nǹkan bíi mítà 200 nínú ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ǹdì. Tó bá fi ìdá 6 irú ẹ̀ lọ tó fi padà, mítà 1200 ló rìn, ìdajì ẹ̀, 600, lọ̀nà jìn. Tí àmì tó wà lójú ẹ̀rọ bá gòkè, wáyà já. Tó bá lọ sísàlẹ̀, wáyà méjèèjì kanra. Ẹ tẹ ìyára tó bá kébù yín mu sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ mọ èwo ni wáyà yín láàárín ọgọ́rùn-ún wáyà, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fọn sórí kan, ẹ lọ sí orí kejì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ, ẹ máa nà án síwájú wọn láì bó wáyà kankan. Èyí tó bá pariwo jù ni tiyín. Ẹ fi ìka kan wáyà méjèèjì pọ̀ lórí ẹ̀ láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, tí ariwo bá dínkù, òun gan-an ni.

Láti orí láìnì dé orí ẹ̀rọ tó ń wá irin

Ọ̀nà ò jìn láàárín àwọn méjèèjì. David Edward Hughes ṣe ẹ̀rọ kan lọ́dún 1879 tó fi kọ́ìlì wáyà (wáyà tí wọ́n ká róbótó) ṣe, ó tò wọ́n débi pé agbára wọn ń pa ara wọn, fóònù tó so mọ́ ọn dákẹ́ rọ́rọ́. Tí irin bá wá sún mọ́ ọ̀kan nínú kọ́ìlì yẹn, ìdọ́gba bàjẹ́, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, James Garfield, ní Washington lọ́jọ́ 2 oṣù July 1881, Bell fi irú ẹ̀rọ yìí wá ọta ìbọn lára ẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rí i. Ẹ̀rọ yẹn dáa o, ó ti ń rí ọta lára àwọn míì. Àmọ́ irin wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ lé, dókítà ẹ̀ ò sì jẹ́ kí wọ́n wá apá òsì, apá ọ̀tún nìkan ló ní kí wọ́n yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta yẹn wà. Ààrẹ kú lọ́jọ́ 19 oṣù September. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀, torí kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe lò ó ni kò dáa, àwọn nǹkan méjì yẹn kan náà ni wọ́n sì ń ṣe lẹ́nu géètì lónìí.

Tó bá jẹ́ ọ̀pá tí wọ́n ń mú lọ́wọ́, ẹ tàn án níbi tí kò sí irin nítòsí, kó jìnnà sí tábìlì irin, sí férémù ilẹ̀kùn, sí àga. Ẹ wo àmì bátìrì. Ẹ bọ́ aago àti òrùka ọwọ́ tẹ́ ẹ fi mú un. Ẹ mú irin kan tẹ́ ẹ yàn fún tẹ́ẹ̀sì, kó jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀pá kọjá lórí ẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, ní orí ọ̀pá, láàárín ẹ̀, nísàlẹ̀ ẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Gbogbo ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dún. Tí ibì kan ò bá dún, ẹ má lò ó lónìí. Tẹ́ ẹ bá wá ń yẹ èèyàn wò, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ ná, ẹ rọra lọ, torí tẹ́ ẹ bá fi í fò fìrìfìrì á kọjá lórí nǹkan, ẹ sì yẹ ọ̀tún, yẹ òsì, yẹ iwájú, yẹ ẹ̀yìn, ẹ má ṣe tọ́dún 1881.

Ti èyí tí èèyàn ń gbà kọjá bí ilẹ̀kùn, ibi tẹ́ ẹ gbé e sí ló ń bà á jẹ́ jù. Lífíìtì, ilẹ̀kùn irin tó ń ṣí tó ń padé, irin inú kọnkéré ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ X-ray tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn ló lè mú un pariwo lásán. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin, tó bá ń mì, kò ní balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí kò ní irin kankan lára kọjá, kò gbọdọ̀ dún. Kí onítọ̀hún wá mú irin tẹ́ẹ̀sì yẹn kọjá nígbà tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀, tó wà ní ìbàdí, tó wà lẹ́bàá orí, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kó sì tún padà láti òdìkejì. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dún. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tẹ́ ẹ rí sínú ìwé, kí ẹ sì tún un ṣe nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé e kúrò tàbí tí wọ́n bá gbé irin tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn kan máa ń rẹ agbára ẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa pariwo jù nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ wá ohun tó ń mú un pariwo kẹ́ ẹ gbé e kúrò.

Ẹ̀rọ tó ń wá irin ò lè rí rọ́bà, kò lè rí bébà, kò lè rí nǹkan oníyẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tí X-ray fi wà fún ẹrù, látara ohun tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí lọ́dún 1895, torí náà báàgì tí kò dún lẹ́nu ẹ̀rọ yìí, ẹ ṣì ṣí i.

Tí ẹnì kan bá sọ pé òun ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn òun lọ́wọ́ láti máa lù dáadáa, ẹ má ní kó dúró pẹ́ láàárín ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má sì gbé ọ̀pá lé orí àyà ẹ̀. Ẹ mú un lọ sí kọ̀rọ̀, kí ọkùnrin yẹ ọkùnrin wò, kí obìnrin yẹ obìnrin wò, kẹ́ ẹ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa lọ.